Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Àwọn Ẹlẹ́rìí Nídìí Òwò Ẹrù Eléré Ìdárayá

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Tony Gwynn bá gbá bésíbọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn San Diego Padres ní ìpínlẹ̀ California. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, inú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ náà gan-an ló ti rí ọjà tí wọ́n buwọ́ lù lórúkọ rẹ̀, tó sì sọ fún wọn pé ọwọ́ òun kọ́ ló kọ ọ́. Bí irú èyí bá lè wọ ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ tí eléré náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún lọ́wọ́, ẹ fọkàn ro ohun tó wà lórí tábìlì àwọn alájàpá. Bọ́ọ̀lù tuntun kò wọ́n. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun iyebíye, bírò lásán sì ni olè nílò láti jí orúkọ.

Ìṣòro yìí ló bí iṣẹ́ kan tí àwọn tí kò sí nínú òwò náà kì í sábà mọ̀ nípa rẹ̀: iṣẹ́ àwọn tó ń wo ẹrù eléré ìdárayá, tí wọ́n á sì sọ pé ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ẹlẹ́rìí ni mo máa pè wọ́n níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu wọn ń gbé owó ńlá. Ní Oṣù Kẹjọ 2022, káàdì kan tó ní àwòrán agbábésíbọ́ọ̀lù Mickey Mantle, tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952, lọ ní 12.6 mílíọ̀nù dọ́là. Ní Oṣù Kẹjọ 2024, aṣọ tí agbábésíbọ́ọ̀lù Babe Ruth wọ̀ nínú ìdíje àṣekágbá 1932 lọ ní ohun tó lé ní 24 mílíọ̀nù dọ́là.

Àjọ FBI ti gbọ́ òórùn jìbìtì yìí kí ọ̀rọ̀ Gwynn tó délẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀ka wọn ní Chicago ti lépa àwọn tó ń fara wé ìbuwọ́lù Michael Jordan. Ní 1997, ẹ̀ka San Diego bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiwọn, wọ́n sọ ọ́ ní Operation Bullpen. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe bí oníṣòwò tó fẹ́ kó ẹrù eléré Amẹ́ríkà lọ tà ní Éṣíà. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹwàá 1999, wọ́n ya wọ àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú nǹkan bí 60 ìwé àṣẹ láti tú inú wọn. Ọ̀gá ayàwé, ìyẹn ẹni tó ń ya ìbuwọ́lù ẹlòmíràn, láàárín ẹgbẹ́ oníjìbìtì tí wọ́n ń lépa náà ni Greg Marino, ẹni tó lè kọ ìbuwọ́lù ẹni tó wà láàyè àti ti òkú. Ẹni tó bá fẹ́ ọwọ́ Babe Ruth, tó ti kú láti 1948, wọ́n á ya ojú ìwé òfìfo nínú ìwé àtijọ́, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá tuntun jù, wọ́n á fi fáníìṣì pa á láró kí ó lè dà bí ohun tó ti pẹ́ nínú àpótí. Nínú ẹrù tí FBI kó, bọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa sí. Àjọ náà ní ohun tí ẹgbẹ́ yìí tà lè tó 100 mílíọ̀nù dọ́là.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ìtàn náà ni pé ìwé ẹ̀rí ń tẹ̀ lé àwọn ọjà wọ̀nyẹn. Àwọn kan nínú ìwé ẹ̀rí náà, àwọn ayàwé fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí tí wọ́n tàn jẹ, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ dijú. Ẹni tó rà á gbé ìwé náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ ògiri, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rìí tó mọṣẹ́ wà, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ bíi PSA, JSA àti Beckett ní àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìbuwọ́lù. Wọ́n ń wo bí ọwọ́ ṣe sáré, ibi tó ti tẹ bírò mọ́lẹ̀, ibi tó ti gbé e sókè. Ẹni tó ń buwọ́ lu nǹkan tirẹ̀ kì í ronú. Ẹni tó ń ya ti ẹlòmíràn máa ń rọra lọ, ìlà rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Wọ́n tún ń wo ohun ìkọ̀wé. Ọdún 1964 ni Sharpie dé ọjà, nítorí náà kò sí bí Babe Ruth ṣe lè fi í kọ nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí irú wọn ń fúnni, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò àwọn ni. Ẹni tó gbé ẹrù wá ló sì ń sanwó iṣẹ́ fún wọn, òun kan náà ló ń retí kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi mílíọ̀nù dọ́là lé irú ìdúró bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ohun mìíràn.

Ẹ wo káàdì agbábésíbọ́ọ̀lù Honus Wagner. Àwọn ilé iṣẹ́ tábà ló fi káàdì T206 sínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911, ti Wagner sì ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Bill Mastro ra ọ̀kan ní 1985 ní 25,000 dọ́là. Ní 1991, Wayne Gretzky, ọ̀gá àgbà nínú họ́kì orí yìnyín, pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ Bruce McNall, ra káàdì yẹn ní gbàǹjo ní 451,000 dọ́là. Òun ni káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì, wọ́n fún un ní 8 nínú 10. Ní 2007, ó lọ ní 2.8 mílíọ̀nù dọ́là. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ní 2013, Mastro jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé òun ti gé etí káàdì náà kí igun rẹ̀ lè mú, àti pé ilé gbàǹjo òun ń fi ẹni tí kò fẹ́ rajà gbé owó lé ọjà kí iye rẹ̀ lè ga. Ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù 20 ni wọ́n dá fún un ní 2015. Káàdì tí gbogbo ayé gbà pé ó dára jù lọ, ọ̀bẹ ló tún un ṣe.

Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá náà kò bọ́. Wọ́n jí ife Jules Rimet, ìyẹn ife ẹ̀yẹ ìdíje àgbáyé, gbé ní Rio de Janeiro ní 1983, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Ní 1997, FIFA san 254,500 pọ́n-ùn ní gbàǹjo fún èyí tí wọ́n ṣe ní Ẹ̀ńgílándì láti fi jọ ọ́, nítorí àwọn kan ń sọ pé òun gan-an ni ojúlówó. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwòkọ ni.

Aṣọ tí Maradona wọ̀ ní 22 Oṣù Kẹfà 1986, nígbà tó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé Ẹ̀ńgílándì, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Steve Hodge, agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀ńgílándì, bá a pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Nígbà tí ilé gbàǹjo Sotheby's fẹ́ tà á ní 2022, ọmọbìnrin Maradona ní aṣọ ìlàjì àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe èyí tí bàbá òun wọ̀ nígbà tó jẹ góòlù rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ náà. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà fún ilé gbàǹjo ni ìkánjú àwọn ará Argentina. Ooru Mexico City ló mú kí wọ́n lọ ra aṣọ tó fúyẹ́ nínú ìlú náà nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti ku dẹ̀dẹ̀. Wọ́n yára rán báàjì mọ́ ọn, wọ́n sì fi áyọ́ọ̀nù lẹ nọ́ńbà tó ń dán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kánjú tó bẹ́ẹ̀, aṣọ méjì kò lè rí bákan náà. Àwọn tó ń fi fọ́tò wé aṣọ wo báàjì, ìlà àti nọ́ńbà pẹ̀lú àwòrán ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ní aṣọ ìlàjì kejì ni. Ó lọ ní ohun tó lé ní 7 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Kámẹ́rà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì mọ̀ pé owó ń bọ̀.

Àjọ bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, MLB, gbé ọgbọ́n yìí wọ pápá ní 2001, lẹ́yìn ìtìjú Operation Bullpen. Ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn, ẹlẹ́rìí kan máa ń wà nítòsí pápá. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bí bọ́ọ̀lù bá jáde, tí igi ìgbábọ́ọ̀lù bá ṣẹ́, ojú rẹ̀ ló ṣe, òun ló sì ń lẹ sítíkà tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn. Sítíkà náà á fàya bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ní 2022, nígbà tí agbábésíbọ́ọ̀lù Aaron Judge ń lépa àkọsílẹ̀ tuntun, wọ́n fi àmì ìkọ̀kọ̀ sára àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sí i kí wọ́n tó jù ú. Èmi kò tíì rí ètò tó dára ju èyí lọ nínú òwò náà. Ẹlẹ́rìí wọn kò ní ẹrù tó fẹ́ tà.

Níbi tí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ nìkan ló kù. Ní 2014, àwọn akójọ kan pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà New York Giants àti agbábọ́ọ̀lù wọn Eli Manning lẹ́jọ́ pé àṣíborí tí wọ́n ní ó wọ̀ nínú ìdíje kì í ṣe èyí tó wọ̀. Wọ́n sẹ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní 2018.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Nínú káàdì 132 tí Fleer tẹ̀ fún bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní 1986, Michael Jordan ni nọ́ńbà 57, ọmọ Èkó wa Olajuwon sì ni nọ́ńbà 82, “Akeem” ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà náà. Ayédèrú ti Jordan kún ìgboro. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí eléré náà buwọ́ lù ú. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí nìkan, ẹ wo nọ́ńbà ìwé náà fúnra yín lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́, ẹ fi àwòrán ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bí kò bá bára mu, ẹ dá owó yín padà sápò.