Igi Ìdáná àti Pákó Àlẹ̀mọ́

Bí ọ̀rọ̀ igi ìdáná bá tilẹ̀ dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ó ńfi gáàsì se oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Láti ìgbà tí owó gáàsì ti gun òkè àjà ni a ti padà sí ìdí àdògán ní ilé wa, mo sì ti rí i pé púpọ̀ nínú wa ti gbàgbé ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa igi.

Ní àkókò òjò tí ó kọjá, aya mi ra ẹrù igi kan ní owó pọ́ọ́kú. Ẹrù náà tóbi, ó sì wúwo, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a fẹ́ iná títí ojú gbogbo wa fi pọ́n. Igi ńhó ìfófó ní orí, èéfín gba gbogbo ilé, ẹ̀kọ kò sì hó títí aago méje fi lù. Ebi ni mo gbé lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Omi ni a fi owó wa rà! Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè ní omi tí ó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀ nínú, iná tí ó yẹ kí ó mú ìkòkò gbóná a sì kọ́kọ́ lo agbára rẹ̀ láti lé omi náà jáde. Igi tí a là, tí a sì tò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ńfẹ́ sí tí òjò kò sì dé, ni a lè fi ọkàn tán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ẹni tí ó bá ńra igi, kí ó wo orí rẹ̀ bóyá ó ti sán, kí ó sì gbá ìtì méjì mọ́ ara wọn: èyí tí ó gbẹ a máa dún ketekete.

Bí igi bá ti gbẹ tán, kílò kan igi yìí àti kílò kan igi ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn ní ooru. Ìtóbi ni ó ńtan ni jẹ. Arère tí ó ga, tí ó fẹ̀, tí ó sì gùn ní mítà kọ̀ọ̀kan kò ju bíi kílò 380 lọ. Apá a máa kọjá 700. Ìdí nìyí tí arère fi ńjó bí ewé gbígbẹ, tí ògúnná apá sì ńpẹ́ kí ó tó kú.

Èérún igi tí àáké dà sílẹ̀ ni a fi ńmú iná ràn. Ìyẹ̀fun igi tí ayùn dà sílẹ̀ ní ilé ìlagi pàápàá wúlò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ńsun ún lásán ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ẹ mú agolo ńlá, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ti igi róbótó kan gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹ gbé òmíràn dúró lé e ní àárin. Ẹ ki ìyẹ̀fun igi gbígbẹ mọ́ wọn yíká pinpin, kí ẹ wá rọra yọ igi méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ ni iná yio máa gbà jó, a sì máa jó fún wákàtí púpọ̀.

Nísisìyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé ńdùn mí. Ìyá alákàrà kan wà ní àdúgbò wa tí ó ńgba àjákù pákó lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Mo rí puláíwúùdù nínú rẹ̀, mo sì rí èyí tí a fi èérún igi ṣe.

Mo wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ má fi èyí dáná mọ́.”

Ó dáhùn pé, “Bàbá Akọ̀wé, ṣé igi kọ́ ni?”

Igi ni lóòótọ́. Láti ṣe puláíwúùdù, a ńyí ìtì igi sí ojú abẹ gígùn, abẹ náà a sì máa bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni bó ọsàn. A ó wá lẹ ìpele mẹ́ta, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, iṣan ọ̀kan ní ìbú, ti èkejì ní òró, kí ó má bà á ká kò. Irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood ṣe ní Sàpẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945. Èkejì, èérún igi ni a fún pọ̀ mọ́ àtè. Òun ni ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí ńwú bí búrẹ́dì nígbà tí omi bá wọ ilé. Nínú àtè tí a sábà ńlò sí wọn ni fọmadiháídì wà, ohun kan náà tí a fi ńṣe oògùn tí a fi ńtọ́jú òkú kí ó má bà á jẹrà. Bí a bá sun pákó bẹ́ẹ̀, oró rẹ̀ a bá èéfín jáde. Òpó iná tí a fi oògùn kòkòrò rì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí asẹ́níìkì lè wà nínú rẹ̀, eérú rẹ̀ kò sì yẹ fún ọṣẹ. Èéfín igi lásán kò kúkú ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa enia bíi mílíọ̀nù 3.2.

Ìyá náà wò mí títí. Ó ní, “Ọ̀fẹ́ ni mo sì ńgbà á.” Èmi kò rí èsì fún èyí. Mo tọ káfíńtà lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó máa ya àjákù pákó gidi sọ́tọ̀ fún un, ó sì gbà. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo bá ìyá náà ní ìdí àpò méjì, tí ó ńyẹ ẹ̀gbẹ́ pákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ní ìpele. Ó ta àkàrà náírà igba fún mi, ó sì fi ẹyọ kan sí i.