Iná kékeré tó pa ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Lọ́jọ́ tí mo yá Ìjàpá ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Mọ́níyà ni iná kékeré kan tàn níwájú mi. Mo ní kò sí wàhálà, ṣebí mọ́tò ṣì ń sáré. Kí n tó dé Fìdítì, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Mẹkáníìkì tó wá wò ó kò pariwo. Ó kàn fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó gbẹ táútáú. Ó ní: "Bọ̀dá, epo lẹ rà, ẹ ò ra ọ́ìlì."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mo lọ wádìí bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí nìyí.

Volkswagen Beetle là ń pè ní Ìjàpá. Wọ́n tò ó pọ̀ níbí pẹ̀lú, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó lọ́dún 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sì ní rédíétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tẹ́ ẹ mọ̀, písítìnì ń lọ sókè sódò ni. Ti Ìjàpá dùbúlẹ̀: méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, wọ́n ń jọ sún síta, wọ́n ń jọ sún wọlé, bí ẹ̀ṣẹ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní boxer. Subaru àti Porsche 911 ṣì ń lo irú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì máa ń wà. Pọ́ǹpù kékeré kan á fà á gba inú nẹ́ẹ̀tì onírin, á tì í lọ sínú kúlà níbi tí fáànù ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ibẹ̀ ló ti ń lọ sára irin gbọọrọ tó ń yí, tí wọ́n ń pè ní crankshaft, àti síbi tí àwọn fáàfù wà. Bí ọ́ìlì bá wà dáadáa, irin kò ní fara kan irin. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni crankshaft ń léfòó sí.

Pípadà ọ́ìlì ló ṣòro. Nínú ẹ́ńjìnnì tó nàró, á kàn ṣàn wálẹ̀ ni. Nínú èyí tó dùbúlẹ̀, páìpù mẹ́jọ tó wà lábẹ́ àwọn sílíńdà ló ń dá ọ́ìlì padà láti ibi fáàfù. Rọ́bà etí àwọn páìpù náà máa ń gbó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Ìjàpá fi ń jò síbi tí wọ́n bá páàkì sí. Tẹ́ ẹ bá sì fi eré kọ́nà, ọ́ìlì lè ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí pọ́ǹpù máa fa afẹ́fẹ́.

Ẹ wá wò ó: lítà 2.5 péré ni gbogbo ọ́ìlì tó ń gbà. Kò sí omi, nítorí náà ọ́ìlì yìí kan náà ló tún ń bá atẹ́gùn gbé ooru kúrò. Kódà, kúlà náà dínà atẹ́gùn fún sílíńdà kẹta fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìyẹn fi ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Àfi ìgbà tó di mọ́tò ọdún 1971 ni wọ́n tó sún un kúrò níbẹ̀. Kò sì ní fílítà gidi, nẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 5,000.

Èyí tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé iná yẹn kì í sọ pé ọ́ìlì fẹ́ẹ́ tán o. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tí ọ́ìlì fi ń ṣàn ti lọ sílẹ̀, irin ti fẹ́ máa ha irin. Kì í ṣe "tẹ́ ẹ bá délé, ẹ rọ díẹ̀ sí i." Ẹ páàkì, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Mọ́tò yòówù kẹ́ ẹ máa wà, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì padà sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fa géèjì wò. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣe é.

Mo san owó ẹ́ńjìnnì yẹn tán. Ṣùgbọ́n títí dòní, wọn ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá mọ́.