Owó Tí A Yá Ra Ilé

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í san owó ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Báǹkì ni ó ń yá wọn lówó. Wọn á fi ilé náà dógò, wọn á sì máa san owó náà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú èlé. Ó lè gbà tó ọdún 30. Bí wọ́n bá san án tán, ilé di tiwọn, ó sì di ogún fún àwọn ọmọ wọn.

Nítorí náà, ẹni tí báǹkì kọ̀ láti yá lówó kò pàdánù ilé nìkan. Ó pàdánù ogún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé báǹkì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ni? Ó ní i. Ó tọ́ kí ó bèèrè iye owó tó ń wọlé fún ènìyàn, àti bóyá ó ń san gbèsè rẹ̀ déédéé. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà kan, àwọ̀ ara ni wọ́n ń wò.

Láàrin ọdún 1935 sí 1940, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ya àwòrán ìlú tó lé ní 200. Wọ́n fi àwọ̀ mẹ́rin kun àwọn àdúgbò. Àwọ̀ ewé ni ti èyí tó dára jù. Búlúù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà yẹ́lò. Pupa ni ti èyí tí wọ́n pè ní eléwu. Àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, pupa ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kun gbogbo rẹ̀.

Láti ọdún 1934 ni ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó tí báǹkì bá yáni. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún ilé tó sún mọ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ìlú Detroit, ní 1941, ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn aláwọ̀ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò àwọn dúdú. Kí ìjọba lè gbà, ó mọ ògiri sáàárín wọn. Ògiri náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì gùn tó ìlàjì máìlì. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968, wọ́n pa Martin Luther King. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwọ̀, ẹ̀sìn, tàbí ilẹ̀ tí ènìyàn ti wá du onítọ̀hún ní ilé tàbí owó ilé. Òfin ọdún 1974 gbèjà àwọn obìnrin. Ṣáájú rẹ̀, báǹkì mìíràn kì í ka owó iṣẹ́ ìyàwó sí owó. Wọ́n ní bó bá lóyún, á fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán? Rárá o. Ní 2011, ìjọba fẹ̀sùn kan ayánilówó kan tó ń jẹ́ Countrywide, pé ó gbowó jù lọ́wọ́ àwọn dúdú àti àwọn tó ti ilẹ̀ elédè Spéìn wá, tí iye wọn lé ní 200,000. Ó gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 335.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Amẹ́ríkà. Òfin yìí dáàbò bo àwọn náà. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí i. Ẹ sọ fún un pé báǹkì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàrin ọjọ́ 30 tí ìwé rẹ̀ bá ti pé. Bí wọ́n bá kọ̀, ó lè bèèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kó ka ìdí náà dáadáa. Kó má sì fọwọ́ sí ìwé tí kò kà.

Ìbéèrè
1. Kí ni báǹkì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè?
2. Kí nìdí tí wọ́n fi mọ ògiri ní Detroit?
3. Bí báǹkì bá kọ̀, kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe?