Gbèsè Ni, Kì í Ṣe Ìrànlọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Gba Owó Ìtọ́jú Ọmọ Tí Bàbá Kò San

Nígbà tí mo lọ gba ohùn àwọn elédè Ògù sílẹ̀ ní Àgbádárìgì fún àpilẹ̀kọ mi, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí. Ọmọ méjì ló wà lọ́rùn wọn. Ọkọ wọn àtijọ́ ti ṣèlérí níwájú ẹbí pé òun yóò máa fi ₦30,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù. Oṣù mẹ́ta ló san, ló bá dákẹ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, wọ́n ní, "Kò ràn mí lọ́wọ́ mọ́."

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ lè ṣíwọ́ nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èwo ni òfin mọ̀?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, abala 14, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí rẹ̀, bí agbára òbí náà bá ṣe tó, àti pé a lè tìtorí ẹ̀tọ́ yìí lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹbí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe irú òfin yìí tiwọn lọ́dún 2007. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe ìyá. Ìjà tọkọtaya kò lè pa á rẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí láìsí ìgbéyàwó náà kò gbẹ́yìn, nítorí abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò fàyè gba kí wọ́n torí bí wọ́n ṣe bíni fi ẹ̀tọ́ duni.

Ṣùgbọ́n ìlérí níwájú ẹbí kì í ṣe àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

1. Ẹ kó ẹ̀rí jọ: ìwé ìbí ọmọ, rìsíìtì owó ilé-ìwé àti ti oògùn, àkọsílẹ̀ báńkì, àti ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

2. Ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn yóò pe bàbá, wọn yóò sì kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ jọ fọwọ́ sí i.

3. Bí kò bá gbà, ó di kóòtù. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lè lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ti ẹni tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, tó ń wá ìkọ̀sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ni. Ilé-ẹjọ́ ẹbí wà fún ẹ̀tọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Office of the Public Defender.

4. Bí àṣẹ bá wà tí kò sì san, ẹ padà sí kóòtù. Wọ́n lè pè é wá ṣàlàyé ohun tó ń wọlé fún un, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, wọ́n sì lè pàṣẹ kí báńkì san án láti inú àkáǹtì rẹ̀. Ẹni tó lówó tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san lè dèrò ẹ̀wọ̀n.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Child Maintenance Service lè ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó náà lára owó-oṣù. Níbí, ìyá ló ń sáré. Nítorí náà, ẹ má fi falẹ̀, pàápàá ní Àgbádárìgì tí Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó bá ti sọdá sí Kútọnu ṣòroó fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀dọ̀ àwọn alárinà lọ. Àdéhùn wọn jẹ́ ₦20,000 lóṣù, àti ₦5,000 lórí èyí tó ti jẹ sílẹ̀. Kò tó, ṣùgbọ́n ó ti wà lákọsílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù: "Àbúrò mi, ó ti san ti oṣù yìí. Ó ṣì jẹ wá ní gbèsè tó pọ̀."