Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Bí a ṣe ń tún ọkọ̀ alágbára tí wọ́n ti pa tì ṣe

Ní Ramsbottom, etí odò Irwell, ní àríwá Manchester, òjò kì í jìnnà. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí omi má baà di yìnyín. Iyọ̀ yìí gan-an ni ọ̀tá ọkọ̀ alágbára bíi Pontiac GTO ọdún 1964 tàbí Mustang àtijọ́ tí ẹnìkan gbé pa tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ nu eruku gbígbẹ kúrò lára ọkọ̀ o! Yóò ha ọ̀dà bí yanrìn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, títí dé abẹ́ ọkọ̀ àti òkè táyà níbi tí iyọ̀ ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, garawa méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànìnkànìn.

Ibi dídán ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbà náà kò ní ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ òde òní lórí. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá ń yọ sára aṣọ tí ẹ fi ń pa pólíìṣì, ẹ má fòyà, ọ̀dà tó ti ṣá ló ń kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ rọra: bí ọ̀dà bá tán lára ọkọ̀, àfi kí ẹ tún un kùn. Ìda ló kẹ́yìn.

Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sá a. Bí ó bá tutù, ẹ yẹ rọ́bà ilẹ̀kùn àti ti gíláàsì wò, kí ẹ sì wo irin abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dógùn-ún. Bí àga bá ti bu, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ bo imú kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n.