Ẹni Tó Lawọ́ Lè Ṣìkà

Tí ẹ bá ra àgbàdo lọ́jà Ikpinlè, ní agbègbè Adja-Ouèrè ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ wo ọwọ́ ìyá tó ń tà á. Á bu àgbàdo kún òṣùwọ̀n, á fi ọwọ́ méjèèjì kó o jọ sórí rẹ̀ títí á fi máa dà sílẹ̀, á dà á sínú àpò yín, lẹ́yìn náà á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ènì nìyẹn. Ẹni tó dúró tì yín á ní, "Ìyá yìí mà lawọ́ o." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún yín bóyá ìyá náà ní inú rere, kò sì tíì sọ bóyá ó láàánú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀làwọ́ ni ẹni tí kì í di ọwọ́ mọ́ ohun tó ní. Ẹni tó bá di tirẹ̀ pa ni à ń pè ní ahun, tàbí kí á ní ó háwọ́. Ìta gbangba ni ọwọ́ wà, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti yin ọ̀làwọ́, tó sì rọrùn láti fi ìlawọ́ ṣe fáàrí. Àní nínú ènì pàápàá, ìrètí pé ẹ ó padà wá rajà lọ́la wà níbẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọjà lọjà ń jẹ́.

Inú rere ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo pupa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè wo ara kẹ́ẹ̀gì kó sọ bí epo inú rẹ̀ ṣe rí, àfi tí wọ́n bá dà á jáde. Bẹ́ẹ̀ ni inú èèyàn rí. Onínúure lè má ní kọ́bọ̀ tó máa fún yín, síbẹ̀ ire yín ni yóò máa wá lẹ́yìn yín.

Àánú ní tirẹ̀, ojú ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Ìyà gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹni kí àánú tó ṣe é. Ẹni tó rí ìyà tí ojú rẹ̀ kò sì yẹ̀ ni ọ̀dájú.

Ẹ má sì ka gbogbo ẹni líle sí ìkà. Òǹrorò le lọ́rọ̀, ó le níwà. Olùkọ́ lè rorò kí ó sì jẹ́ òun ni yóò gbé ẹ̀kọ wá nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Ìkà mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe dun ẹni náà, síbẹ̀ ó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ló mú mi la gbogbo èyí sílẹ̀. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó ń sọ Fọ̀n ń pè é ní vidomègon. Inú rere ni àṣà náà ti wá: òbí tí kò lówó á fi ọmọ sọ́dọ̀ ìbátan ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu kó lè kàwé tàbí kó kọ́ṣẹ́. Ó ṣì ń rí bẹ́ẹ̀ nílé tó bá dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó ń náwó fún gbogbo aládùúgbò níbi òkú lè jẹ́ òun náà ló ń fi igi ìdáná na ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Àdúgbò ń pè é ní ọ̀làwọ́, wọn kò sì purọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bò ó láṣìírí.

Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá inú ilé. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ju igba lọ padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Bẹ̀nẹ̀ ṣòfin lórí kíkó ọmọ kiri àti fífi ọmọ ṣòwò ní April 10, 2006. Ní December 8, 2015, òfin 2015-08 dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Code de l'enfant, ìyẹn Òfin Ọmọdé. Òfin Ọmọdé yìí ka nína ọmọ léèwọ̀, kódà nínú ilé. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, à á fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ọwọ́ kejì yẹn nìkan ni òfin fi sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ti ẹni tó kọ ìwà ìkà. Ọ̀pọ̀ wa, tí a bá gbọ́ igbe ọmọ, a ó lọ làjà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ fi jì í." A ó padà sílé, ó parí. Àárín ẹni méjì tó ń jà ni a ti ń làjà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò bá ẹnikẹ́ni jà. Gbígbèjà ni tirẹ̀ gbà, ìyẹn ni pé kí ẹ gba ìjà náà sọ́rùn, kí ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè dáwọ́ ìyà náà dúró. Ọ̀làwọ́ kì í fìgbà gbogbo lè ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó máa yìn ín fún un. Aládùúgbò lè bínú sí i pàápàá.

Tí ẹ bá mọ ilé kan tí ọmọ ti ń jìyà, nọ́ńbà tí ẹ ó pè ní Bẹ̀nẹ̀ ni 138. Ọ̀fẹ́ ni.