Káàdì Wi-Fi Yẹn Kò Tíì Kú

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Àdó, gbólóhùn kan wà tó máa ń ná oníbàárà lówó: "Wi-Fi yín ti kú, ẹ lọ ra dongle." Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Windows kúrò lórí láptọ́ọ̀pù náà ni, tí ẹ fi Ubuntu tàbí Linux Mint rọ́pò rẹ̀, ẹ má tíì tọwọ́ bàpò. Káàdì tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ lórí Windows kì í ṣàdédé kú lọ́sàn-án. Dírẹ́bà ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa báyìí. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft kásẹ̀ ìtọ́jú Windows 10 nílẹ̀. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè chip ààbò TPM 2.0, bí prósẹ́sọ̀ yín bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló fẹ́. Mélòó nínú àwọn tòkunbọ̀ ọwọ́ wa ló débẹ̀? Linux kò béèrè irú èyí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun èlò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ti Wi-Fi, ti ohùn, ti àwòrán, ló ní èdè tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi kọ́ ọ. Kernel, tó ń darí gbogbo wọn, kò gbọ́ èdè wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Dírẹ́bà ni ògbufọ̀ àárín wọn, bíi ti kóòtù láyé òyìnbó: bí ògbufọ̀ ò bá wá, ẹjọ́ ò lè lọ, bẹ́ẹ̀ adájọ́ ò yadi, olùpẹ̀jọ́ náà ò sì yadi.

Ẹni tó mọ Windows dáadáa ti mọ́ ọn lára láti lọ wá dírẹ́bà nínú CD tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ń gbà yàtọ̀. Inú kernel gan-an ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ dírẹ́bà sí, tí wọ́n á jọ máa rìn. Ìdí nìyẹn tí kíbọ́ọ̀dù, ohùn àti kámẹ́rà fi máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fi Ubuntu síbẹ̀ láìwá nǹkan kan kún un. Ibi tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ̀ láti sọ àṣírí ohun èlò rẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2012, ní Yunifásítì Aalto, Torvalds bú Nvidia, tó ń ṣe káàdì àwòrán, níwájú kámẹ́rà nítorí èyí, ó sì nàka àbùkù sí wọn. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2022, Nvidia ṣí kóòdù dírẹ́bà kernel rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ àwọn káàdì tó jáde láti bí ọdún 2018 ni ó wà fún. Tòkunbọ̀ tiwa kò bá wọn jẹ nínú ìyẹn.

Kí ẹ tó bi ẹ́ńjíníà, ẹ bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí terminal ṣí, kí ẹ wá kọ lspci -nnk síbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tó máa tú jáde, ẹ wá ìlà tó jọ èyí:

Network controller [0280]: Broadcom Inc. and subsidiaries BCM43142 802.11b/g/n [14e4:4365]

Nọ́ńbà inú àkámọ́ ìkẹyìn ni kí ẹ dì mú. 14e4 ni Broadcom, 4365 sì ni irú káàdì náà gan-an. Bó bá jẹ́ 8086 lẹ rí, Intel ni, 10ec, Realtek. Orúkọ tí wọ́n kọ sára láptọ́ọ̀pù kò tó láti fi dá a mọ̀, torí láptọ́ọ̀pù méjì tó jọra bí ìbejì lè ní káàdì Wi-Fi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlà yẹn bóyá ẹ máa rí "Kernel driver in use". Bí kò bá sí, a jẹ́ pé kernel rí káàdì náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Bí káàdì náà kò bá fara hàn rárá, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ ikú. Bó bá sì fara hàn, tó ní dírẹ́bà, síbẹ̀ tí kò rí netiwọ́ọ̀kì kankan, ẹ kọ rfkill list. Bó bá dáhùn pé "Hard blocked: yes", bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù tàbí lórí kíbọ́ọ̀dù tí ẹnì kan ti tẹ̀ láìmọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú odindi láptọ́ọ̀pù palẹ̀ nítorí bọ́tìnì yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí BCM43142, nítorí ó pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Broadcom gbé dírẹ́bà tó ṣí sílẹ̀ jáde fún díẹ̀ nínú káàdì rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án 2010, ṣùgbọ́n èyí kò sí lára wọn. Dírẹ́bà kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní wl, ilé-iṣẹ́ náà ló ni ín, kò sì sí nínú kernel. Lórí Ubuntu 22.04, inú package bcmwl-kernel-source ló wà. Ẹ̀yin náà ti rí ọ̀fìn tó wà níbẹ̀: íntánẹ́ẹ̀tì la fi ń wa dírẹ́bà, dírẹ́bà la sì fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Fóònù ni yóò yọ wá. Hotspot kò wúlò níbí o, Wi-Fi lòun náà. Ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wọ settings, kí ẹ tan USB tethering. Dírẹ́bà tó ń rí fóònù bí ẹni rí wáyà netiwọ́ọ̀kì ti wà nínú kernel tipẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ sudo apt update, kí ẹ kọ sudo apt install bcmwl-kernel-source tẹ̀lé e. Bó bá ní kí ẹ jẹ́ kóun ṣe upgrade gbogbo nǹkan, ẹ dákun, ẹ sọ pé rárá. Kò sí data tí kò ní jẹ tán.

Bí Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí dírẹ́bà tí kò ní kọ́kọ́rọ́ wọlé, bá wà ní títàn, ó máa ní kí ẹ dá password kan, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò ṣiṣẹ́," ọmọkùnrin kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún atúnkọ̀ǹpútàṣe kan lójú mi.

"Nígbà tó tàn padà, tí ojú ẹ̀ di búlúù, kí lo tẹ̀?"

"Continue ni, sà."

"Ibẹ̀ lo ti lé e lọ."

Enroll MOK ló yẹ kó tẹ̀, kó sì kọ password tó dá. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kernel kò ní gba dírẹ́bà náà wọlé; bí ẹ bá kọ sudo modprobe wl, ohun tó máa sọ ni "Key was rejected by service". Ẹni tó ti tẹ Continue lè kọ sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der, kó sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjíníà wa a kàn lọ pa Secure Boot nínú BIOS. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí èèyàn fi máa yọ ìlẹ̀kùn nítorí pé kọ́kọ́rọ́ sọnù.

Ti Intel àti Realtek sábà máa ń yàtọ̀. Dírẹ́bà máa ń wà, àmọ́ firmware, ìyẹn fáìlì tí wọ́n máa rọ sínú káàdì náà kó tó jí, ni kò sí. Ẹ kọ sudo dmesg | grep -i firmware. Bí ẹ bá rí "failed with error -2", ohun tó ń sọ ni pé òun wá fáìlì náà títí, òun ò rí i. Package linux-firmware ni kí ẹ gbé wá.

Dongle tí wọ́n ní kí ẹ rà náà kì í ṣe àsálà. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ló gbé chip Realtek tí dírẹ́bà rẹ̀ kò sí nínú kernel àtijọ́, ẹ ó kàn fowó ra ìṣòro kejì ni. Bó bá di dandan, ẹ béèrè èyí tó ní MT7601U tàbí AR9271 nínú.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Dírẹ́bà bíi wl ní láti di títúnkọ́ nígbàkúùgbà tí kernel tuntun bá dé. DKMS ló ń ṣe é, ó sì máa ń gba àkókò. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í pẹ́ lẹ́yìn NEPA. Bí wọ́n bá mú iná lọ lágbede méjì, ilẹ̀ á mọ́, Wi-Fi ò ní sí. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tẹ Esc kí GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel, lè jáde, kí ẹ wọ Advanced options for Ubuntu, kí ẹ mú kernel tó ṣáájú. Dírẹ́bà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti wọlé, sudo dpkg --configure -a ni yóò parí iṣẹ́ tí iná gé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí HP fúnra rẹ̀ ló ń gbé dírẹ́bà HPLIP jáde fún Linux. Àwọn LaserJet kékeré bíi P1102 nìkan ló ń ṣe agídí: kọ̀ǹpútà á rí i, á gba iṣẹ́, ìwé kankan ò ní jáde. Hp-plugin ló kù, lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi kọ ọ́ sínú terminal, kí fóònù sì ṣì wà lórí wáyà.